Ẹnì Kẹtàdínlógún Dà? Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá àti Ẹgbẹ́ Orí LinkedIn ní Under G

Ní àdúgbò Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ ọdún kẹrin kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn kan lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: lọ ṣí LinkedIn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ètò SIWES tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973 ló sọ IT, ìyẹn kíkọ́ iṣẹ́ níléeṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, di dandan fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iléeṣẹ́ tó lè gba gbogbo wọn kò sì sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èkó, Ìbàdàn àti Abúja ni wọ́n ń wò. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá níbẹ̀, fóònù ni yóò fi wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí i lóòótọ́. Wọ́n wọ kóòtù ya àwòrán, wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe síbẹ̀, wọ́n so mọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó di ẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, kẹ́kẹ́ a pa. Ohun tí wọ́n wá ń béèrè ni pé: báwo ni èrò tó pọ̀ tó báyìí ṣe ń di ẹgbẹ́ tó ń gbé ara wọn ró?

Ìdí Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá ni mo gbé ìbéèrè náà lọ, Odù Ifá tí àwọn babaláwo ń pè ní Ọ̀ṣẹ́túrá.

Ìtàn ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó sún mọ́ Ifá. Olódùmarè rán Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún wá sáyé láti tún un ṣe. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Wọ́n dé, wọ́n la igbó orò, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Òun náà kò bá wọn jà, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé wá ń fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́: wọ́n súre, ire kò dé, wọ́n wo aláìsàn, kò gbádùn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n padà sọ́run lọ rojọ́. Olódùmarè kò bi wọ́n léèrè irú oògùn tí wọ́n lò. Ẹnì kẹtàdínlógún wọn ló béèrè. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn lọ síbi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Bí kò bá jẹ́ ọkùnrin, kí oníkálukú máa lọ ní tirẹ̀. Gbogbo wọn dojú àṣẹ kọ oyún náà títí ó fi bí Ọ̀ṣẹ́túrá. Títí di òní, babaláwo tó ń rú ẹbọ kò ní ṣàì pe Ọ̀ṣẹ́túrá, nítorí òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó ń lọ.

Bí a ṣe ń gbọ́ Ifá ṣe pàtàkì níbí. Ẹni tó lọ dá Ifá kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́ sí owó ẹyọ tàbí sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Babaláwo á máa ki Ifá lọ, òun á máa tẹ́tí, títí yóò fi gbọ́ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mọ ibi tó dúró sí nínú ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ wa tó bá gbọ́ Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹ̀gbẹ́ Ọ̀ṣun la máa ń sáré lọ jókòó sí: èmi ni wọn kò kà sí, èmi ni wọn kò dá lóhùn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí LinkedIn ti di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìndínlógún lójú ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tó kọ̀wé béèrè nípa ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ lóṣù tó kọjá, kí lo sọ fún un?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn mẹ́rìndínlógún náà ní. Ògún wà níbẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ọbàtálá tó ń mọ ènìyàn wà níbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò mọ̀, wọn kò sì kéré níye. Mo rò pé ibi tí ẹ̀kọ́ Odù yìí ti mú jù nìyẹn fún ìgbà tiwa. LinkedIn tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún 2003, tí Microsoft fi ju bílíọ̀nù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dọ́là rà ní 2016, ti ní ju bílíọ̀nù kan ọmọ ẹgbẹ́ láti 2023. Iye ni wọ́n fi ń yangàn, iye ni àwa náà ń lé. Olódùmarè náà ka iye, ṣùgbọ́n ẹni tó kù ló tìtorí rẹ̀ kà á.

Lórí ìkànnì náà, bí ẹnì kan bá ríṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìkíni ti wà nílẹ̀ tí LinkedIn ti kọ sílẹ̀ dè ọ́. Tẹ̀ ẹ́ báyìí, o ti kí i. Igba ènìyàn á kí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní 2020 ni wọ́n mú òrùka aláwọ̀ ewé jáde, èyí tí ẹni tó ń wáṣẹ́ lè fi yí àwòrán rẹ̀ ká. Ẹ lọ wo ojú ewé àgùnbánirọ̀ kan tó ti gbé òrùka yẹn kọ́rùn fún oṣù mẹ́jọ. Ta ló ń kí i? Yorùbá tó ní ẹ kú oríire ló ní ẹ kú ìrọ́jú. Nílé wa, a kì í gba ẹ̀yìn ẹni tó ń wáṣẹ́ kọjá ká má béèrè pé ibo ni ọ̀rọ̀ náà dé. Ẹgbẹ́ tó bá mọ kíkí ẹni tó ti dé, tí kò mọ kíkí ẹni tó wà lọ́nà, igbó orò ni wọ́n ń là tí wọn kò pe Ọ̀ṣun sí. Ọjọ́ tí ẹni tó wà lọ́nà náà bá dé ipò tó ti lè gba ènìyàn síṣẹ́, kò ní mọ̀ pé ẹgbẹ́ kankan wà tí òun jẹ ní gbèsè.

Àwọn kan tilẹ̀ ti ń kó ara wọn jọ sórí WhatsApp lórí àdéhùn pé ẹ láìkì tèmi, kí n láìkì tiyín. Wọ́n ń pè é ní ìrànlọ́wọ́. Àwọn mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń súre fún ara wọn yẹn.

Àwọn babaláwo fúnra wọn mọ bí onímọ̀ ṣe ń dáhùn ara wọn. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ní 1932, tó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹsẹ tó kó sínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá sílẹ̀ kí ìwé náà tó jáde ní 1968, bí ẹnì kan bá ń fi Ifá sun ìyẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé awo, àwọn yòókù kì í dákẹ́. Bó bá kì í bó ṣe yẹ, wọ́n á dáhùn pé hin. Bó bá ṣì í kì, wọ́n á sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Hin yẹn àti kò-rí-bẹ́ẹ̀ yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí ẹni tó gbọ́ ọ délẹ̀ ló lè sọ èyíkéyìí nínú wọn. Ọmọ Under G tó gbé áàpù tó ṣe sórí LinkedIn kò nílò ogójì ènìyàn tí yóò sọ pé ó dára láìṣí i wò. Ẹni kan tó ṣí i, tó tẹ̀ ẹ́ káàkiri, tó sì kọ ọ́ pé ibi ìsanwó kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù òun, ẹni yẹn ti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Bí àṣìṣe náà bá lè dójú tì í, kó fi ránṣẹ́ sí i ní ìdákọ́ńkọ́.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, inú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ló ti ṣẹ̀. Ìtàn ìlú náà ní ọdẹ ni Aálẹ̀, Ohùnsìlé, Òrìṣàtólú àti Ògúnlọlá, àti pé wọ́n dá ẹgbẹ́ Alóńgo sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa dọdẹ, kí wọ́n lè jọ kojú àwọn akónilẹ́rú, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ahéré Ògúnlọlá ni wọ́n máa ń yà sí bí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á mu ọtí ọkà bàbà, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń lọ. Òun ni wọ́n wá fi ṣe olórí, ìdílé rẹ̀ ló sì ń jẹ Ṣọ̀ún dòní. Bí mo bá ń ka ìtàn yìí, ojú mi kì í kúrò lára ẹni tó se ẹ̀wà náà tó sì pọn ọtí. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ọdẹ, ṣùgbọ́n nídìí ìkòkò rẹ̀ ni ọdẹ mẹ́rin ti di ìlú. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìpele yín náà, ẹnì kan wà tó máa ń tún àlàyé olùkọ́ kọ tó sì ń fi í ránṣẹ́ lóru. Kò lókìkí lórí LinkedIn rárá. Ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí kan sójú ewé rẹ̀ rí?

Àwọn kan fẹ́ràn láti sọ pé ìtàn Ọ̀ṣẹ́túrá ju ọ̀rọ̀ obìnrin lọ, èmi náà sì ti nà án kọjá ibẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ jẹ́, ẹ má jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2016, Ada Nduka Oyom, tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì Nsukka, dá She Code Africa sílẹ̀ nítorí bí àwọn obìnrin ṣe ṣọ̀wọ́n tó nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ náà ti kọjá ààlà Nàìjíríà báyìí. Ada kò dúró kí àwọn mẹ́rìndínlógún wá bẹ òun. Inú mi dùn sí i, síbẹ̀ ó dùn mí pé ó di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló kù nínú ìtàn náà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Under G mú dání. Olódùmarè kò bá wọn bẹ Ọ̀ṣun, àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ ló rán padà lọ bá a. Nítorí náà, àtẹ̀jáde gígùn lórí pé kí gbogbo wa máa fa ara wa lọ́wọ́ kò tíì ṣe nǹkan kan fún ẹni tí o kò dá lóhùn. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àpótí lẹ́tà rẹ. Kọ̀wé sí i, tọrọ gáfárà pé ó pẹ́, kí o sì dáhùn ohun tó béèrè, kódà bó jẹ́ pé ohun tí o ní kò ju orúkọ iléeṣẹ́ kan tó ń gba ọmọ IT lọ.

Èkejì ni pé Ọ̀ṣun kò padà síbi ìpàdé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sọ ohun tó fẹ́, ó sì fẹ́ ohun tí yóò dúró: ẹnì kan láti ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí wọ́n ti fojú fò tẹ́lẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè irú rẹ̀, kò sì yẹ kí ojú tì í. Bí àwọn mẹ́rin bá jókòó nínú yàrá kan ní Under G, tí wọ́n da owó epo jẹnẹrétọ̀ jọ, tí wọ́n da owó dátà jọ, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wá fẹ́ gbé e sórí LinkedIn, kí àwọn mẹ́ta yòókù sọ kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé orúkọ àwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì hàn gbangba èyí tí oníkálukú ṣe: ẹni tó kọ ètò, ẹni tó ya àwòrán ojú rẹ̀, ẹni tó dán an wò, ẹni tó lọ bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.