Ọwọ́ Tí Ń Gbá àti Ọwọ́ Tí Ń Hán

Bí ènìyàn bá ní ẹ̀bùn ńlá kan, ǹjẹ́ ó yẹ kí a gbójú fo àbùkù rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo Josh Gibson, aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1911. Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, òun ni ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tí ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, láti hán èyí tí ẹnì kejì rẹ̀ bá jù wá. Nígbà tí ó bá kan òun láti gbá, ẹ̀rù a máa ba àwọn alátakò. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá ta sókè réré, a sá síwá, a sá sẹ́yìn; nígbà mìíràn a bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èmi kò sọ pé ìyìn rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìkù síbìkan, síbẹ̀ òun ni àṣìṣe ẹlòmíràn ń pa lára. Ẹlẹ́bùn gba àtẹ́wọ́. Ẹnìkejì ń san gbèsè àbùkù rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ka èyí sí Gibson lọ́rùn ju ẹ̀bùn rẹ̀ lọ, pé kò fi agbára ṣe àwáwí: ó kọ́ iṣẹ́ híhán náà títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ńlá mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kò tilẹ̀ wo ọwọ́ kankan nínú méjèèjì. Gibson kú ní oṣù January 1947. Ní April ọdún kan náà ni Jackie Robinson wọlé.