Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Aláṣẹ Di Ẹnu Gbogbo Ìlú?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, nítorí ìwé yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn ni. Àríyànjiyàn ni ó bí i láàárín ènìyàn méjì nínú wa, tí wọ́n jọ jókòó sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì.

Èkínní jẹ́ ìyá oníṣòwò kan tí ó ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè ní Sàbọ́ńgàrí níhìn-ín ní Kánò. Èkejì jẹ́ arákùnrin kan tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyá náà ń ròyìn pé nígbà tí ìjọba ti Twitter pa, ọmọ òun fi ọgbọ́n kan sí fóònù òun, àwọn oníbàárà òun ní Èkó àti ní òkè òkun kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Arákùnrin náà ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n òfin ni ẹ rú yẹn." Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ta ni mo jí owó rẹ̀?" Ni wọ́n bá kọjú sí wa pé kí a dá ẹjọ́ náà. Akọ̀wé ni wá, a kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa, a sì rò pé ó yẹ kí gbogbo wa jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí bí ọ̀ràn náà ti rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ọ̀rọ̀ líle kan sí àwọn tí ń dáná sun ilé ìjọba ní ìhà ìlà-oòrùn, ó sì mẹ́nu kan ogun abẹ́lé tí a jà láti 1967 títí di 1970. Àwọn tí ó ni Twitter, tí orúkọ rẹ̀ ti di X láti ọdún 2023, sọ pé ọ̀rọ̀ náà lòdì sí ìlànà wọn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, Alhaji Lai Mohammed, tí ó jẹ́ Mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà, nítorí pé àwọn kan ń lò ó láti ba orílẹ̀-èdè jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sọ pé àṣẹ ti dé láti ọ̀dọ̀ àjọ NCC, ọ̀nà sì dí. Mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, ní kí a pe ẹni tí ó bá rú àṣẹ náà lẹ́jọ́. Ọ̀nà náà kò ṣí títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ìyẹn ju oṣù méje lọ.

Bí a ti ń ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Fóònù rẹ kò lè dá lọ sí ibikíbi. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ta síìmù fún ọ ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, gẹ́gẹ́ bí èrò ayé àtijọ́ ti ń gba ọ̀dọ̀ oníbodè kọjá kí ó tó wọ ìlú. Bí ìjọba bá kọ orúkọ ibi kan fún oníbodè náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá sí ibẹ̀, ó parí náà nìyẹn. Ohun tí ọmọ ìyá náà fi sí fóònù rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní VPN. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ẹrù rẹ sínú àpò tí oníbodè kò lè tú wò, kí ó gbé e lọ sí ìlú òkèèrè, kí ó sì ti ibẹ̀ gbé e lọ sí ibi tí ìwọ fẹ́. Oníbodè rí i pé àpò kan kọjá, kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti aláṣẹ kí a tó gbọ́ ti ará ìlú, nítorí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí aláṣẹ ń wí ni pé ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn. Àwa tí a ń gbé Sàbọ́ńgàrí kò gbọdọ̀ jiyàn èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1953, ìjà ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó lórí ìgbà tí Nàìjíríà yóò gba òmìnira, àwọn èrò ìgboro sì fi àwọn aṣòfin tí ó wá láti àríwá ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ náà bá wọn délé. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ wá ṣe ìpàdé ní Kánò, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò wa yìí. Ó gba ọjọ́ mẹ́rin, iye àwọn tí ìjọba sì kà pé ó kú, ará àríwá àti ará gúúsù, jẹ́ 36. Àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà wà ní Èkó, àwọn tí ó jìyà rẹ̀ wà níhìn-ín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ lásán kò lè ṣe ni ní nǹkan kò tíì gbé ìlú onílùú rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ní ọdún 1953, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà, àti ìwé ìròyìn, àti ọkọ̀ ojú irin. Bí a bá ti ìkànnì pa lónìí, irọ́ kò ní jókòó sílé. Yóò gba ọjà, yóò gba gáréèjì, yóò gba ìdí pọ́m̀pù omi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ọ̀nà, ibo ni òtítọ́ yóò gbà lé e bá? Ẹni tí ó wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀, tí ó lè sọ pé, "Ẹ má gbà á gbọ́ o, mo wà níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀," òun ni a gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Níbi yìí gan-an ni àṣìṣe náà wà. Aláṣẹ ń wá ọ̀nà láti pa irọ́ lẹ́nu mọ́, ẹlẹ́rìí ni ó sì pa lẹ́nu mọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín pípe ẹni tí ó parọ́ lẹ́jọ́ àti dídi ọ̀nà mọ́ ẹni tí kò parọ́. Bí olè kan bá gba títì márosẹ̀ sá lọ, ọlọ́pàá a máa lé olè náà. Kì í hú títì. A sì ní òfin tẹ́lẹ̀ tí ó dè ẹni tí ó bá ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, àti ẹni tí ó bá rú ìlú sókè. Kí a mú ẹni bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́, kí ó rojọ́, kí a gbọ́ tirẹ̀. Nínú ọ̀ràn ti ọdún 2021, ta ni a pè kí ó wá rojọ́? Aláṣẹ ni ó ń bá ẹnìkan jà, aláṣẹ ni ó dá ẹjọ́ náà, àwọn ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí kò mọ nǹkan kan nípa ìjà náà ni ó sì san ìtanràn.

Ewu kejì ni pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà àti di ẹnu ènìyàn kì í pẹ́ kí ó tó gbàgbé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irọ́ àti òtítọ́ tí kò dùn mọ́ ọn. Ní ọdún 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, òfin kan tí wọ́n pè ní Decree 4 jáde. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, ìròyìn lè jẹ́ òótọ́ kí ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí ó bá ti dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan lórí rẹ̀. Àwọn bàbá wa gbọ́n ju èyí lọ. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ ọdún Òkèbádàn, ọmọdé àti àgbà lè kọrin bú ìjòyè tí ó bá hùwà àìdáa, kò sì gbọdọ̀ bínú. A kò sọ pé kí ẹ lọ bọ òkè. Ohun tí a ń wí ni pé wọ́n mọ̀ pé ìjòyè tí kò gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ nípa rẹ̀ kò ní mọ ọjọ́ tí ìlú yóò kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá di ẹnu ìlú, etí ara rẹ̀ ni ó dí.

Ọ̀ràn kan wà tí ó le jù èyí lọ, a kò sì fẹ́ fò ó dá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 kan náà, wọ́n ti gbogbo tẹlifóònù pa ní ìpínlẹ̀ Zamfara, lẹ́yìn náà ní apá kan Katsina àti Kaduna, nítorí àwọn agbébọn tí ń jí ènìyàn gbé ń fi fóònù pète ibi. Níhìn-ín, ẹ̀mí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ dá lé, kì í ṣe iyì ẹnìkan, a kò sì lè sọ pé aláṣẹ kò ní ìdí. Síbẹ̀, ẹni tí àwọn agbébọn ká mọ́ abúlé rẹ̀ ní òru kò rí fóònù fi ké pe ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ó bá tilẹ̀ di dandan kí a ti ọ̀nà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a béèrè: kí ìdí rẹ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn lè rí, kí ibi tí a tì àti ọjọ́ tí a ó ṣí i ní ìwọ̀n, kí adájọ́ sì wà tí a lè sáré tọ̀ lọ. Títì Twitter kò ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan ìyá wa oníṣòwò àti arákùnrin wa òṣìṣẹ́ ìjọba. A mọ̀ pé Ìwé Mímọ́ pàṣẹ kí a bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ìkéde mínísítà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú òfin tí ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Ẹgbẹ́ SERAP àti ọmọ Nàìjíríà 176 gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ náà ní kí ìjọba má ṣe fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó lo Twitter. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, ó dá a lẹ́jọ́ pé títì náà lòdì sí òfin, kí irú rẹ̀ má sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Nítorí náà, a kò dá ìyá wa lẹ́bi. Kò jí owó ẹnikẹ́ni. Aṣọ ni ó tà.

A kò sì dá arákùnrin wa lẹ́bi. Ó ti búra fún ìjọba, ó sì pa ìbúra rẹ̀ mọ́ nígbà tí kò rọrùn fún un. Ìwọ̀nba ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó kù.

Ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí a ń bá ìyá wa sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pé òun lè gba ẹ̀yìn òfin kọjá nígbàkigbà. Ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ nínú oṣù méje náà nìyẹn. Èyí ni ó dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé àṣẹ tí kò tọ́ a máa kọ́ ọmọlúàbí ní yíyọ́ rìn, lẹ́yìn náà kì í mọ àṣẹ tí ó tọ́ mọ́. Ìyá, ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ sọ ìyàtọ̀ náà fún un. Àwọn kan wà tí kò yọ́ rìn. Pásítọ̀ Enoch Adeboye ti ìjọ Ìràpadà kò dákẹ́ lórí Twitter. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọ náà wà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 170, ó sì tọ́ka sí abala 19 nínú ìkéde àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn 176 náà fi orúkọ ara wọn lọ sí kóòtù ní ojúmọmọ. Arákùnrin, ìbúra yín kò sọ pé kí ẹ má ṣe sọ òtítọ́ fún ọ̀gá yín nígbà tí ó bá ń ṣìnà.

Ní ti àwa yòókù, a ní iṣẹ́ tí ó kéré ju èyí lọ, tí ó sì ṣòro. Bí ìròyìn ìjà bá dé orí fóònù rẹ, má ṣe fi ránṣẹ́ kí o tó wádìí. Pe ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́, fi orúkọ ara rẹ sọ pé irọ́ ni. Bí gbogbo wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sàbọ́ńgàrí, aláṣẹ kò ní rí àwáwí kankan láti ti ọ̀nà mọ́ wa. Kí Olúwa fún wa ní ìfarabalẹ̀ láti ṣe é.