Kẹ́ńkẹ́ Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Accra, ibodè mẹ́ta ni yóò là kọjá: Sèmè, Hilla-Condji àti Aflao. Bó bá fi máa bọ́ sílẹ̀ nítòsí Kwame Nkrumah Circle, ẹsẹ̀ ti wú, ebi sì ti ń pa á débi pé òórùn ẹja díndín lásán ti tó láti mú un yà kúrò lọ́nà. Ibẹ̀ gan-an ni Odawna wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Odaw, tòun ti ọjà rẹ̀ àti àwọn búkà tí wọ́n ń pè ní chop bar. Kẹ́ńkẹ́ wà, bankú wà, wáákyé wà, ọmọ túò nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà náà wà.

Àlejò a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Èyí tí kò bá jọ ti ilé, á fura sí i. Èyí tó bá jọ ti ilé, á jẹ ẹ́ láìbéèrè ohunkóhun.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa léraléra: "Kẹ́ńkẹ́ yẹn ló da inú mi rú, ó ti kan jù." Wọn ò mọ̀ pé kíkan yẹn ló ń gbèjà wọn. Àgbàdo tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan, tí wọ́n ro apá kan rẹ̀ lórí iná kí wọ́n tó pò ó mọ́ èyí tó kù, tí wọ́n tún fi háhá àgbàdo dì í, tí wọ́n wá sè é fún wákàtí mélòó kan: kòkòrò àrùn wo ló fẹ́ la gbogbo ìyẹn já? Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tí wọ́n gbé Ghana kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969 kò nílò àlàyé yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ kẹ́ńkẹ́ dàgbà. Ohun tí wọ́n bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká wò. Shito, ata dúdú tí wọ́n dín nínú òróró, kò níṣòro. Àmọ́ ata tútù, tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà nínú abọ́ ìlọta tí wọ́n ń pè ní asanka láìkan iná rárá, omi wo ni wọ́n fi ṣàn án?

Èmi àti ìyá oníṣòwò kan jọ jókòó sí irú búkà bẹ́ẹ̀ rí. Mo ra kẹ́ńkẹ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ní tọ́ ọ wò ni?"

"Ọmọ mi, n ò lè fi nǹkan tí n ò mọ̀ dán inú mi wò. Ìrẹsì ni kí wọ́n bù fún mi."

Ọmọ túò ni wọ́n gbé wá, ìrẹsì tí wọ́n tẹ̀ roboto, nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà tí kò rú èéfín kankan. Ọ̀sán ti pọ́n, oúnjẹ tí wọ́n sè láàárọ̀ ni. Abọ́ rọ́bà kan ń lọ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, omi ìfọwọ́ ló wà nínú rẹ̀, epo sì ti léfòó lójú omi náà. Ìyá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n gbọn ọwọ́ nù, wọ́n sì fi jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mu omi oníyìnyín nínú kọ́ọ̀bù. Nígbà tí à ń padà, a ò tíì dé Aflao tí dúródúró fi sú awakọ̀. Lomé ni wọ́n ti fa omi sí ìyá lára. Títí dòní, òórùn kẹ́ńkẹ́ tí mo jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n ń dá lẹ́bi!

Ọbẹ̀ ẹ̀pà tó ti tutù ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí àrùn onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Guinea lọ́dún 1986, àwọn oníwàádìí bi àwọn aláìsàn léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ọ̀pọ̀ ló tọ́ka sí ọbẹ̀ ẹ̀pà àjẹkù. Ọbẹ̀ tòmátì àjẹkù kò lẹ́bi. Wọ́n fi kòkòrò náà sínú méjèèjì láti dán an wò. Ó bí sí i wéré nínú ti ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ti tòmátì kan, kò sì rí àyè níbẹ̀. Kẹ́ńkẹ́ àti tòmátì, kíkan ló ń gbèjà àwọn méjèèjì.

Accra sì mọ onígbáméjì dáadáa. Ó tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ó sì tàn ká gbogbo ẹkùn mẹ́wàá tí Ghana ní nígbà náà. Ó lé ní 28,000 èèyàn tó kó o lọ́dún yẹn, ó lé ní 240 tó kú, agbègbè Accra ló sì ní èyí tó pọ̀ jù. Ìdọ̀tí gọ́tà ìlú ló ń ṣàn gba inú Odaw lọ sínú ọ̀sà Korle. Bí òjò bá pọ̀, odò náà á yọ sínú ọjà. Ní June 3, 2015, àgbàrá kún Circle, àwọn èèyàn sá sábẹ́ òrùlé ilé epo kan, ilé epo náà gbiná, ó sì ju 150 èèyàn lọ tó kú lọ́jọ́ náà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, àmọ́ omi yẹn kan náà ló ń wọ ibi tí wọ́n ti ń dáná, tó sì ń bo páìpù tó gba inú gọ́tà kọjá. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, èmi kì í jẹun ládùúgbò yẹn fún ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, oúnjẹ tó ń rú èéfín ni kí ẹ jẹ, ohun yòówù kó máa jẹ́, kí ẹ sì wo ẹja bó ṣe ń ti inú òróró jáde. Píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ fi fọwọ́. Èyí tí ẹ fẹ́ mu, ẹ nu igun ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó fi eyín já a, nítorí inú omi yìnyín tí gbogbo ọwọ́ ń kì bọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Bí inú bá wá ń ṣí, tí ohun tó ń jáde funfun bí omi ìrẹsì, ẹ ra ORS ní ilé oògùn. Bí kò bá sí, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ tó, kí ẹ sì máa mu ún bí ẹ ṣe ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má wọ mọ́tò Èkó lọ́jọ́ náà rárá. Ilé ìwòsàn Ridge kò jìnnà sí Circle. Takisí á ti gbé yín débẹ̀ kí mọ́tò tó kún.