Ara Tó Sú, Ta Ni Ká Dá Lẹ́bi?

Bí ọwọ́ ìyàwó tuntun bá wú ní Alafiarou, lábẹ́ àkóso Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní ti jọ ń gbé, tí ìka rẹ̀ ń yún, tí ó sì ń ṣomi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí a ti gbé e wọlé, kò ní yà mí lẹ́nu bí ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu àwọn àgbà jáde kò bá jẹ́ "Kí ni ó fara kàn án?" bí kò ṣe "Ta ni ó ṣe é?" Ọ̀kan yóò rántí orogún tí kò rẹ́rìn-ín níbi ìnáwó, èkejì yóò ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, ẹni tí ó dàgbà jù láàrin wọn yóò wá fi òwe dé e ládé, pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?

N kò fi òwe yìí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí gbogbo ọmọ aráyé, àti ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá ìdí ọ̀ràn: ohun tí ó ṣíwájú ni a ń mú gẹ́gẹ́ bí ìyá ohun tí ó tẹ̀lé e. Ibi tí ó ti ń dani láàmú ni pé awọ ara kì í tètè rojọ́. Ẹ wo làálì tí a lé fún ìyàwó náà. Làálì tòótọ́, ewé lílọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n, kì í sábà ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n làálì dúdú tí wọ́n ti po aró irun mọ́ kí ó lè tètè mú, tí ó sì ní èròjà tí à ń pè ní paraphenylenediamine nínú, lè kan obìnrin lónìí kí ìka rẹ̀ má wú títí di ọ̀tunla, nígbà tí ẹni tí ó lé làálì fún un ti fọ abọ́ rẹ̀ tán, tí gbogbo ilé kò sì rántí ohun mìíràn mọ́ ju àlejò àná lọ. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ní ìgbà àkọ́kọ́ ó lè má ṣe é ní nǹkankan rárá. Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ mọ̀ ni, ẹ̀kọ́ náà a sì máa gbà á tó ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, kì í sábà gbàgbé rẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ alẹ́.

Ní 1895, Josef Jadassohn, oníṣègùn awọ ara tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Breslau, dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Graz, ó sì ròyìn bí òun ti ṣe mú ọ̀daràn: ìpara mẹ́kúrì tí ó ń fura sí ni ó lẹ̀ mọ́ ibi kékeré kan tí ara gbé dá ṣáṣá, ó sì dúró. Ibẹ̀ sú. Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni àyẹ̀wò alálẹ̀mọ́ ti òde òní dúró.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà, ni àwọn baba wa wí, n kò sì tíì rí ilé ẹjọ́ tí ó pa òfin yẹn mọ́ tó ẹ̀yìn ènìyàn tí a lẹ àwọn ohun tí a ń fura sí mọ́ nínú àyẹ̀wò náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibùjókòó tirẹ̀ tí a fi tàdáwà sàmì sí: níkẹ́ẹ̀lì inú yẹtí àti bọ́tìnnì, kírómíọ̀mù inú sìmẹ́ǹtì àti awọ bàtà, èròjà inú rọ́bà, òórùn dídùn inú ìpara, àti aró irun náà, pẹ̀lú Vaseline lásán tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. A kì í gbé wọn kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ní Yúróòpù, níkẹ́ẹ̀lì kì í ju ìdá 5 nínú 100 lọ, aró irun kì í ju ìdá 1 lọ, nítorí ohun tí ó bá le jù yóò jó awọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní lè mọ̀ bóyá ara yìí ni ó kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ fọ́ èèpo kajú tútù ní àsìkò ìkórè, láti Fébúárì títí wọ Mẹ́ẹ̀, mọ ohun tí mò ń wí: òróró inú èèpo yẹn kì í wo ojú ẹnìkan kí ó tó bó ọwọ́ rẹ̀, àwọn kan sì wà, yàtọ̀ sí ti jíjó náà, tí ara wọn kọ ọ́ gan-an, tí èyí tí ó kéré jọjọ yóò tó láti da awọ wọn rú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì a ó ṣí i wò. A ó tún wò ó ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nítorí ara mìíràn wà tí ó jẹ́ pé nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ̀rọ̀ tán ni í sọ tẹnu rẹ̀. Lójú tèmi, ìdúró yìí ni ìsìn inú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Mùsùlùmí agbègbè wọ̀nyí mọ̀ pé Súúrà Al-Hujurat kìlọ̀ fún onígbàgbọ́ nípa àbá dídá, pé òmíràn nínú rẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìbomi sí i, láìhọ ọ́, láìṣe iṣẹ́ òógùn, ti sọ ìkìlọ̀ náà di ìṣe, èyí tí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nínú oòrùn ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Mercy Olumide ti Yunifásítì Èkó ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985 àti 1987. Níkẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn tí ẹ̀bi ṣí mọ́ lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó ńkọ́, tí a lé làálì fún láti inú abọ́ kan náà, tí nǹkankan kò ṣe é? Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá lọ bá àyànmọ́: wọn a ní bí Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, ti mọ ti oníkálùkù ni, pé èèwọ̀ rẹ̀ ni, bí irú èyí tí babaláwo ń kà fún ìkókó ní àkọsẹ̀jáyé. Mo gba apá kan nínú èyí, n kò gba ìyókù. Kò sí ọmọ tí a bí tí ara rẹ̀ ti ń kọ níkẹ́ẹ̀lì. Ilé ayé ni a ti ń kó o. Bíríkìlà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún po sìmẹ́ǹtì kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán kò mú un ti ọ̀run bọ̀. Àwọn àgbà ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Ṣùgbọ́n àìsàn sìmẹ́ǹtì yìí gbọ́ òfin, nítorí láti 2005 ni àwọn ìjọba Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi dè é pé kírómíọ̀mù tí ń ṣiṣẹ́ ibi yìí kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú sìmẹ́ǹtì, àìsàn náà sì dínkù láàrin àwọn bíríkìlà wọn.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ Orí, a-tètè-níran, kò ju èyí lọ: pé nínú àwọn méjì tí wọ́n jọ fọwọ́ kan ohun kan náà, ara ọ̀kan yóò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ti èkejì kò ní kọ́ ọ. Àyẹ̀wò ẹ̀yìn kì í béèrè ìyẹn. Èmi kò sì rí i pé ẹni tí ó bá bá Orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí ń ṣe ìsìn asán, bí ó bá ti kọ́kọ́ bọ́ yẹtí etí rẹ̀ sílẹ̀.