Ta Ló Ni Ojú Inú Fọ́tò?

Níwájú sítúdíò ayàwòrán kọ̀ọ̀kan ládùúgbò wa, wọ́n máa ń gbé fọ́tò ńláńlá kọ́ kí àwọn tó ń kọjá lè rí i: ìyàwó ojú ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọmọ tó pé ọdún kan. Gbogbo wọn ló ń dán. Kò sí ẹni tó ní irorẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé irọ́ ni àwọn fọ́tò wọ̀nyí ń pa? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni wọ́n ń pa á fún?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń dáhùn kíákíá pé fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni òótọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ènìyàn dúdú, ẹ ní kó fi ẹ̀yìn ti ògiri funfun, kí ẹ sì fi fóònù yà á. Fóònù yóò wo gbogbo ìmọ́lẹ̀ iwájú rẹ̀ pa pọ̀, yóò rí i pé funfun ti pọ̀ jù, yóò sì dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ojú ẹni náà á wá ṣókùnkùn débi pé eyín àti ẹyinjú nìkan la ó máa rí. Ẹ yà á lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, òjìji á bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò fojú ba oorun. Ṣùgbọ́n ẹ mú un wá sí ẹnu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ òde bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ta àdìrẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnì kan sì di páálí funfun mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ojú rẹ̀ á yọ kedere. Ènìyàn kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo nínú wọn ni òun gan-an?

Ẹ̀rọ náà ní ojúsàájú tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí àwọ̀ obìnrin yẹn bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ pé nìyẹn. Àwọ̀ tiwa kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Nítorí náà, ayàwòrán tó bá wá ìmọ́lẹ̀ àti aṣọ ẹ̀yìn tó yẹ ojú dúdú kò parọ́. Ẹ̀rọ ló ń tún sọ.

Ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, Seydou Keïta ṣí sítúdíò rẹ̀ ní 1948. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo bẹ́ẹ̀dì ló fi ṣe aṣọ ẹ̀yìn níbẹ̀rẹ̀. Ó ní aago ọwọ́, rédíò àti kóòtù tí oníbàárà lè yá ya fọ́tò. Ẹni tó jókòó ti rédíò kì í ṣe olówó rédíò. (Àwa náà kúkú ń yá gèlè lọ sí òde.) Ohun tí ẹni náà ń sọ ni pé, báyìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa rántí mi.

Èyí tó wà nílẹ̀ wa tún ju ìyẹn lọ. Nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1978, Stephen Sprague ṣàlàyé ohun tí àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún ń ṣe. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, tí ọmọ méjì á fi jókòó síra wọn. Bí ó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Tí a bá fi ojú kámẹ́rà wò ó, kò tún sí irọ́ tó tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ta ló lè pe ìyá tó gbé e kọ́ sí ògiri ní òpùrọ́? Òun ló mọ̀ jù pé ọ̀kan ti lọ.

Níbo wá ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí màmá wa àgbà kú, a gbé fọ́tò wọn fún ẹnì kan pé kó tún un ṣe fún ìwé ètò ìsìnkú. Màmá ní pélé mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí fọ́tò dé, pélé ti lọ, àwọ̀ wọn ti pọ́n bí ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹbí ní ó rẹwà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wò ó títí, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Arákùnrin náà rò pé òun ń ṣe wá lóore ni. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì ló ní kí wọ́n tẹ àwòrán lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó yá rédíò ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Màmá kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Mi ò sì lè fi irorẹ́ wé pélé. Irorẹ́ á lọ fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ nínú fọ́tò kàn ṣáájú ọjọ́ díẹ̀ ni. Pélé ni àwọn ará ọjà fi ń dá Màmá mọ̀ lókèèrè. Ní ti àwọ̀, ẹ ro ti ọmọbìnrin tó jẹ́ pé gbogbo fọ́tò rẹ̀ ló ń padà wálé ní pípọ́n ju òun lọ. Kò sí ẹni tó bú u, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́.

Ìyá mi dá fọ́tò náà padà, wọ́n sì dá pélé sí i. Ọjọ́ tí ìwé dé, àbúrò Màmá, tí àwọn náà ní pélé, gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá kan èmi, kí ẹ bá mi yọ tèmi o. Wọn ò bi mí kí wọ́n tó kọ ọ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ojú tiwọn ni, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí a má baà gbàgbé.