Ọjọ́ tí Kóòṣì Dère

Ní agbègbè Ìbàdàn, ẹni tó bá gba Ìyànà Ọ̀fà lọ sí Lálùpọn, tàbí tó bá ti Moníyà kọjá sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn, kò ní ṣàì rí àwòrán olóògbé lára ògiri àti òpó iná. Ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀: ọkọ rere, baba rere, Kristẹni tòótọ́, ó sùn nínú Olúwa. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù, “Kóòṣì” ló máa ṣáájú orúkọ rẹ̀. Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti ń kà á, àgbàlagbà kan lè kọjá, kó wò ó, kó ní: “Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.” Á sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan gbà pé òkú ni bàbá bẹ́ẹ̀ ń bú. Rárá o. Àwa tí a tẹ ìwé náà ló ń bá wí, ìbáwí ọ̀hún sì jinlẹ̀ ju kí a kàn ní alágàbàgebè ni ọmọ aráyé.

Ẹ wo ère fúnra rẹ̀. Ibi tí agbẹ́gilére bá fẹ́ kí imú wà ni imú ń wà. Ère kì í béèrè owó oṣù. Kì í yọ ọmọ rẹ kúrò lára àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Kì í pè ọ́ sẹ́yìn ilé láti sọ fún ọ pé ìwà tó o hù kò dáa. Ẹni tó kú ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kù. Wọ́n á gé èyí tí wọn kò fẹ́ dànù, wọ́n á dán èyí tó wù wọ́n. Ohun tí òwe náà rí nìyẹn: ìyìn òkú kò náni ní nǹkan kan. Ohun tí kò sì náni ní nǹkan, kò lè jẹ́ ẹ̀rí ìfẹ́.

Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, Ojukwu, tí wọ́n jọ wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà ogun abẹ́lé, ló pè é ní ààrẹ tó dáa jù tí Nàìjíríà kò ní. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àmọ́ nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń du ipò náà ní 1979 àti 1983, ìbò ló nílò nígbà yẹn, kì í ṣe oríkì.

Ti Stephen Keshi ló dùn mí jù. Kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni, ilé-ìwé Kátólíìkì ti St. Finbarr's l'Ékòó ló sì ti kàwé. Síbẹ̀, ẹ dárúkọ “Big Boss” fún àwọn àgbàlagbà tó ń wo bọ́ọ̀lù ní Akanran tàbí Ẹgbẹ́dá, ẹ ó rí i pé ojú wọn á tàn. Òun ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994. Òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí a tún gbà á ní South Africa, ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ọdún 2013, tí Sunday Mba gbá ẹyọ kan péré sáwọ̀n Burkina Faso. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ló ti gba ife náà bí agbábọ́ọ̀lù àti bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣáájú rẹ̀.

Kí la fi san án fún un? Ní ọjọ́ kejì tó gba ife, Keshi kéde pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inú ló ń bí i: kí wọ́n tó bá Ivory Coast pàdé nínú ìdíje yẹn gan-an ni ariwo ti ń lọ pé wọn yóò lé e. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ṣiṣẹ́ láìrí owó rẹ̀ gbà. Ní oṣù Keje 2015 wọ́n lé e pátápátá. Àwọn ará Tógò ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún un: òun ló mú wọn dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2006, èyí tí wọn kò dé rí, ṣùgbọ́n kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún òyìnbó kan, Otto Pfister.

Nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà ń fẹ́ ẹ lónìí, tí wọ́n ń kọ̀ ọ́ lọ́la yìí, àìsàn jẹjẹrẹ ń bá Kate ìyàwó rẹ̀ fínra. Ìyàwó náà kú ní oṣù Kejìlá 2015. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ọkọ fi tẹ̀ lé e: ìlú Benin ni Keshi kú sí, ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ọdún 2016, ẹni ọdún 54. Ẹbí rẹ̀ sọ pé láti ọjọ́ tí ìyàwó ti lọ ni ọ̀fọ̀ kò ti kúrò lára rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí ère fi délẹ̀. Àwọn tó lé e, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, àwa tí a bú u lórí rédíò, gbogbo wa la di akéwì. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Amodu Shuaibu, akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn tó mú Nàìjíríà dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò sì jẹ́ kó báwọn débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, kú pẹ̀lú. A tún oríkì kà. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Asaba ń jẹ́ orúkọ Keshi lónìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n pápá kò lè gba owó oṣù.

Apá kejì òwe náà la kì í fẹ́ rò dáadáa: èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. A máa ń rò pé ohun tó ń sọ ni pé aráyé kì í rí ire ẹni tó ṣì wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ ohun tó rọrùn ju ìyẹn lọ: alààyè kò pé. Keshi náà kò pé. Agídí rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tí kò mú agbábọ́ọ̀lù Peter Odemwingie lọ sí South Africa ní 2013, àwọn méjèèjì ba ara wọn jẹ́ ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ère Keshi á gé ibẹ̀ yẹn dànù.

Bó bá sì gé e, ó ti gé ohun tó dáa jù nínú ìtàn náà. Torí ní 2014 Keshi tún pe Odemwingie, ó mú un lọ sí Brazil, Odemwingie ló sì gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí a fi na Bosnia, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa borí nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé láti 1998. Alààyè tó ń bínú ló lè tún inú rò. Ère kì í bínú, nítorí náà kò lè dárí ji ẹnikẹ́ni. Kí wá ni Kristẹni fẹ́ kí wọ́n fi rántí òun bí kò bá ṣe irú ìyẹn?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, “Ṣé kí a wá máa bú òkú ni?” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà tó ní kí a yin ni, yin ni, kẹ́ni lè ṣe òmíràn, kò kórìíra ìyìn. Wọ́n kàn mọ ìgbà tí ìyìn ń ṣiṣẹ́ ni. Òkú kò ní òmíràn tó fẹ́ ṣe.

Àwọn tó pa òwe yìí sì mọ ère jù wá lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn kùn ún, á máa fún un ní ẹ̀wà. Pásítọ̀ mi lè má fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán: lójú tiwọn, ẹni tó bá ní ère, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́rùn. Àwa là ń gbẹ́ ère tí a ò ní bọ́. Jákọ́bù inú Bíbélì kò sì sọ ohun tó yàtọ̀ nígbà tó fi ìtọ́jú ọmọ òrukàn àti opó ṣe òṣùwọ̀n ìsìn mímọ́.

Ní abúlé wa, Kóòṣì lè jẹ́ tíṣà tàbí àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Bí ilé-ìwé bá ti ṣíwọ́, á dé pápá pẹ̀lú fèrè. Owó àpò rẹ̀ ló fi ń ra bọ́ọ̀lù àti rọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi ra ẹsẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á jókòó ti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ tí kò bí á sì tún kún ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn òbí á máa rojọ́ rẹ̀ pé ó ń fi bọ́ọ̀lù ba ọmọ àwọn jẹ́. Ọjọ́ tó bá kú ni àwọn òbí yẹn kan náà máa dá aṣọ ẹbí.

Bí irú rẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, tó sì wà láàyè, ẹ ra bọ́ọ̀lù fún un lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ ibi tó kù sí fún un lójú rẹ̀, nígbà tó ṣì lè tún un ṣe. Bó bá ti lọ, kí ẹ tó dá owó aṣọ, kí ẹ tó tẹ ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ opó rẹ̀ èló ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ sì san án.