Abèèrè Kì í Ṣìnà, Ta Ni Ká Wá Bi?

"Abèèrè kì í ṣìnà." Àwọn àgbà ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ dé Computer Village, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, kí ẹ bi ẹni àkọ́kọ́ tó fà yín lápá pé fóònù wo ló dára. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ni ẹ máa bá ara yín.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Patrick Sawyer, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà, gbé àrùn Ebola gba pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wọlé, ariwo ta pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún, ká má baà kó àrùn náà. Àwọn èèyàn béèrè o! Ìyàwó bi ọkọ, ọkọ bi aládùúgbò, oníkálukú ní òun náà gbọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, báwo ló sì ṣe mọ̀. Ìròyìn ní iyọ̀ náà pa èèyàn. Àwọn tó ń tọpasẹ̀ ẹni tí aláìsàn fara kàn, ojúlé dé ojúlé, ni wọ́n lé àrùn náà lọ.

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, ayẹjàwò kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára dúrọ́ọ̀mù gbọ́. Á bu díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bó bá délé l'Agége, òun kan náà ni yóò fi ìròyìn WhatsApp ránṣẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì!

Àwọn tó ń yẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò wà: Africa Check ti wà láti 2012, Dubawa dé ní 2018. Ẹ má ka ìdájọ́ wọn nìkan. Ẹ wo ẹni tí wọ́n pè, ìwé tí wọ́n tú, àti bí wọ́n ṣe mọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò.